Omi Dúdú, Ewé Funfun: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́fà ní Etí Odò Kan

Ọjọ́ Kìíní

Kí aago méje àárọ̀ tó lù ni èmi àti àbúrò mi ti dé ibi tí odò náà ti ń já bọ́ láti orí àpáta sínú igbó. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyí ni láti ya omi tí ń ṣàn ní ìmọ́lẹ̀ infrared, kí n jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ pẹ́ títí omi yóò fi kọ ipa ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ètò àwòrán náà sì mú ojú ẹni tí ń wò ó gba ibi tí mo fẹ́ kí ó gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya irú àwòrán yìí, ṣùgbọ́n mo máa ń yà á bí ẹni tí ń ṣa ohun tí ó bá rí lójú ọ̀nà ni. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, mo fẹ́ dúró ti odò kan ṣoṣo títí yóò fi yé mi.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn lè rí kò ju èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 400 sí 700 nánómítà lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan). Ní ọdún 1800 ni William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, tí ó gbé ohun èlò ìwọn-ìgbóná sí abẹ́ wọn, tí ó sì rí i pé ibi tí ó kọjá pupa, níbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun, tún gbóná ju abẹ́ pupa fúnra rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni à ń pè ní infrared. Sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà òde òní, ìyẹn ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, lè gbà á wọlé títí dé nǹkan bí 1,100 nánómítà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà a máa fi gíláàsì kan dí i lójú kí àwọ̀ àwòrán ojoojúmọ́ má baà bàjẹ́. Gíláàsì yẹn kì í dí i tán pátápátá. Ohun tí ó bá yọ́ gba ibẹ̀ kọjá ni mo gbẹ́kẹ̀ lé lónìí, nítorí pé kámẹ́rà tí mo kọ́kọ́ gbé jáde jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, mo sì fi fílítà 720 nánómítà sí iwájú lẹ́ǹsì rẹ̀, èyí tí ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, tí ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún infrared.

Fílítà náà dúdú bí èédú. Bí a bá ti wé e mọ́ lẹ́ǹsì, kò sí ohun tí ènìyàn lè rí mọ́ nínú ihò tí a ń yọjú wò lẹ́yìn kámẹ́rà, nítorí náà iṣẹ́ náà ní ètò tí kò ṣeé dà rú. Mo ní láti gbé kámẹ́rà ka orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n to àwòrán, kí n yí lẹ́ǹsì títí ohun tí mo fẹ́ yóò fi mọ́ kedere, kí n pa ẹ̀rọ tí ń yí i fúnra rẹ̀, kí n tó wá fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ wé fílítà mọ́ ọn láìjẹ́ kí ohunkóhun yẹ̀. Infrared àti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kì í pàdé ní ibì kan náà lẹ́yìn lẹ́ǹsì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì àtijọ́ fi ní àmì pupa kékeré kan lára òrùka wọn, tí a ó yí i dé kí a tó ya àwòrán. Lẹ́ǹsì tèmi kò ní àmì yìí, nítorí náà mo fi ihò rẹ̀ sí f/8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ihò ń kéré sí i) kí ibi tí ó mọ́ kedere lè gbòòrò tó láti bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni ìbá yà. Mo dojú kọ omi tí ń já bọ́ náà, tí gíga rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ènìyàn, mo fi í sí àárín gbùngbùn, igi wà ní ọ̀tún, igi wà ní òsì, oòrùn sì ti gòkè dáadáa nígbà tí mo fi parí gbogbo ètò wọ̀nyí. Mo lo ISO 200, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, mo sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là fún ìṣẹ́jú-àáyá 90. Lẹ́yìn èyí, kámẹ́rà tún pa ojú rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 mìíràn láti ya òkùnkùn lásán, kí ó lè fi yọ èérí tí ooru sẹ́ńsọ̀ ń dá sára àwòrán tí ó bá pẹ́. Nígbà tí àwòrán náà hàn, àbúrò mi tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi wo lẹ ń yà? Mi ò rí omi kankan níbẹ̀."

Òótọ́ ni ó sọ. Ewé funfun, omi funfun, kò sí ààlà láàárín wọn. Ohun tí ń ya omi sọ́tọ̀ nínú àwòrán ojoojúmọ́ ni pé ó ń tàn láàárín ewé tútù, infrared sì ti gba ìyàtọ̀ yẹn kúrò pátápátá. Chlorophyll, èròjà tí ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, tí ń gbé pupa àti búlúù mì kì í fọwọ́ kan infrared; àlàfo afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ewé ni ó ń tú u ká, tí ó sì ń dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà síta, tí igi fi ń funfun bí òwú. Orúkọ Robert W. Wood, tí ó gbé àwòrán infrared jáde ní ọdún 1910, ni wọ́n fi ń pe ìwà ewé yìí. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó kúrò nílé, mo sì tún lọ to omi funfun sí àárín ewé funfun. Mo ya mọ́kànlá sí i ní ibẹ̀, mo yí sí ọ̀tún, mo yí sí òsì, n kò sì rí ẹyọ kan tí mo lè tọ́jú.

Ọjọ́ Kejì

Mo jí pẹ̀lú ìpinnu pé n kò ní wá funfun lónìí. Dúdú ni n ó wá.

Omi fúnra rẹ̀ ni ó ní dúdú tí mo ń wá. Infrared kì í rìn jìnnà nínú omi kí omi tó gbé e mì. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 850 nánómítà, èyí tí ó lè la omi mítà kan kọjá kò tó ìdá kan nínú ogún. Ní 720, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì lè là á, ìdí sì nìyẹn tí òkúta ìsàlẹ̀ fi ń hàn fìrìfìrì nínú àwòrán ní ibi tí omi kò bá jìn. Ìfófó ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọnú omi rárá, nítorí pé àwọn àpò afẹ́fẹ́ róbótó róbótó tí wọ́n kóra jọ sórí omi ni ó ń dá a padà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ibi tí omi bá ti jìn, tí ìfófó sì léfòó sórí rẹ̀, ni infrared ti ń fún ayàwòrán ní bébà dúdú àti ẹfun papọ̀. Mo kẹ̀yìn sí omi tí ń já bọ́, mo sì tẹ̀ lé odò lọ sí ìsàlẹ̀.

Kò ju ọgọ́ta ìgbésẹ̀ lọ tí mo fi rí ibú kan lẹ́yìn òkúta ńlá kan. Omi tí ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ òkúta náà kọjá ń padà sẹ́yìn láti kún àlàfo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń yípo jẹ́ẹ́jẹ́, pẹ̀lú ègé ìfófó tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ níbi gbogbo lórí rẹ̀. Lójú lásán, kò sí ẹni tí yóò dúró wò ó. Mo jókòó, mo sì fi aago wọ́n ègé ìfófó kan láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi padà síbẹ̀: ó gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 50 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ́n mẹ́ta mìíràn, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn.

Ìwọ̀n yìí ni ó sọ àkókò àwòrán náà fún mi. Mo kọ́kọ́ gbé ISO ga kí n lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 yà á, ìfófó sì fa ìrù kúkúrú kúkúrú tí kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìrù náà tẹ̀ bí ọrun. Ní 75, tí ó jẹ́ yíyípo kan àti ààbọ̀, òrùka náà pàdé, ọ̀kan nínú òmíràn, tí àárín wọn sì ṣófo tí ó dúdú. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwọn òrùka náà ti gun ara wọn títí gbogbo rẹ̀ fi di eérú, ìṣípòpadà sì ti kú nínú àwòrán náà. Mo ti máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé bí ojú kámẹ́rà bá ṣe pẹ́ tó ni omi ṣe ń dára tó. Ibú yìí kò gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibi tí mo gbé kámẹ́rà sí gba wákàtí méjì. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ nítòsí ojú omi, òjìji àwọn igi òdìkejì bọ́ sínú ibú náà, ibú sì di funfun nítorí pé igi funfun ni ó ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gun orí òkúta, tí mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà wo ìsàlẹ̀, sánmà ni ó bọ́ sí ibẹ̀ dípò igi, sánmà tí kò ní ìkùukùu sì dúdú nínú infrared: afẹ́fẹ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ 400 nánómítà ká ní ìlọ́po 16 ju bí ó ti ń fọ́n 800 ká lọ, nítorí náà ìwọ̀nba infrared díẹ̀ ni ó ń ti ara sánmà wá bá wa. Fílítà tí a fi ń pa dídán ojú omi nínú àwòrán ojoojúmọ́ kò wúlò fún mi níhìn-ín, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í lágbára lórí infrared. Gíga kámẹ́rà nìkan ni mo fi yan ohun tí omi yóò wò. Mo fi òkúta ńlá tí omi ti rin sí igun ìsàlẹ̀ ní ọ̀tún, mo fi òrùka ìfófó sí òsì díẹ̀ sí àárín, mo sì jẹ́ kí ẹ̀ka igi kan ṣoṣo wọlé láti òkè. Ẹ̀ka méjì pọ̀ jù. Mo dán an wò, ojú sì kúrò lára omi lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ní alẹ́, mo rí ìlà ràndànràndàn kan ní ẹ̀gbẹ́ àwọn àwòrán tí ó pẹ́ jù. Ìmọ́lẹ̀ ti gba ihò ìyọjúwò ẹ̀yìn kámẹ́rà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fi aṣọ dúdú bò ó. Aṣọ náà dúdú lójú wa ni. Ọ̀pọ̀ aró dúdú kì í mú infrared, ó sì ń kọjá nínú aṣọ fẹ́lẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó dí i. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àwòrán mìíràn, níbi tí ẹ̀wù dúdú àbúrò mi ti yọ ní àwọ̀ eérú tí ó mọ́lẹ̀ kedere. Láti ọ̀la, bébà fàdákà ni n ó máa fi dí ihò náà.

Ọjọ́ Kẹta

Ibi tí odò ti ń sáré láàárín àwọn òkúta, ní òkè ibú àná, ni a lò títí oòrùn fi yẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà kejì jáde, ti àtijọ́ tí a ti yọ gíláàsì ìdènà inú rẹ̀ kúrò, tí a sì fi fílítà 720 rọ́pò rẹ̀ ní iwájú sẹ́ńsọ̀ gan-an. Kámẹ́rà yìí kò fọ́jú bí ti àkọ́kọ́: mo lè yọjú wò ó bí ìgbà tí kò sí fílítà, mo sì lè rí àwòrán infrared lójú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó yà á, kí n sì yí lẹ́ǹsì sí ibi tí ó mọ́ kedere nínú infrared fúnra rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó yára jù. Ní f/11 àti ISO 100, 1/30 ìṣẹ́jú-àáyá ti tó o nínú oòrùn, omi sì dúró gbagidi nínú àwòrán bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ.

Mo kọ́kọ́ wo omi náà fúnra rẹ̀. Ibi tí mo dúró sí kò ju mítà mẹ́ta sí i lọ, mo sì ṣírò rẹ̀ pé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó yẹ. Ní 1/8, omi ń já sí wẹ́wẹ́. Ní ìdajì, ó ń di fọ́nrán òwú, kálukú sì ṣì dá yàtọ̀, tí ó ń tẹ̀ bí òkúta ṣe tẹ̀ ẹ́. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì, àwọn fọ́nrán náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ó bá kọjá mẹ́jọ, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni yóò kù, ènìyàn kò sì ní mọ apá ibi tí odò dojú kọ. Àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ni mo nílò, nítorí pé àwọn ni ojú yóò tẹ̀ lé.

Mo wé fílítà aláwọ̀ eérú mọ́ lẹ́ǹsì, irú èyí tí ó yẹ kí ó dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele mẹ́wàá, tí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìṣirò ní kí n lo ìṣẹ́jú-àáyá 34. Mo kọ́kọ́ gbà á gbọ́, mo fẹ́ mọ̀ bí aṣọ funfun náà yóò ti rí, àwòrán náà sì jóná di funfun láti etí dé etí. Mo pín àkókò náà sí méjì, mo tún pín in, mo ń pín in lọ títí ìmọ́lẹ̀ fi tọ́, ibi tí mo sì dúró sí ni ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá gan-an. Ìpele mẹ́rin péré ni fílítà náà ń dín kù. Kò bàjẹ́. Nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ni a ṣe po àwọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ fílítà aláwọ̀ eérú ni kì í sì lè dá infrared dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú rẹ̀ ní láti wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sára àpò rẹ̀, bí mo ti ṣe.

Ní ọ̀sán, mo fẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin fún apá kan tí omi ti ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ti ihò lẹ́ǹsì dé f/22, ìyẹn sì fún mi ní méjì, ṣùgbọ́n ó gba nǹkan méjì lọ́wọ́ mi. Àbàwọ́n róbótó kan tí ó mọ́lẹ̀ yọ ní àárín àwòrán, nítorí pé infrared ń ta padà láàárín àwọn gíláàsì inú lẹ́ǹsì náà, ó sì máa ń hàn sí i bí ihò bá ṣe ń kéré sí i. Èkejì ni pé gbogbo àwòrán náà rọ̀: ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń tẹ̀ ká, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ bá sì pọ̀ ni ó ń tẹ̀ jù. Mo padà sí f/11. Mo ya àwòrán mẹ́jọ tẹ̀ léra wọn, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kan ohunkóhun láàárín wọn, kí kọ̀ǹpútà lè pa wọ́n pọ̀ kí ó sì mú ìdọ́gba wọn. Omi inú èyí tí ó jáde rí bí omi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, mo sì fi ewé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, èyí tí atẹ́gùn kò mì, rọ́pò ewé tí ó rú.

Nínú ètò àwòrán tí mo fẹ́ràn jù lónìí, àwọn fọ́nrán omi wọlé láti igun òkè ní òsì, wọ́n pín sí méjì lára òkúta kan, wọ́n sì jáde ní ìsàlẹ̀. Òkúta náà ni ó yọ mí lẹ́nu. Orí rẹ̀ gbẹ, gbígbẹ rẹ̀ sì mú kí ó yọ ní àwọ̀ eérú tí kò jìnnà sí ti omi. Àbúrò mi ti rí i kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu omi sí i, Ẹ̀gbọ́n." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi dà sí i lẹ́ẹ̀mẹta, òkúta náà ṣú lójú gíláàsì kámẹ́rà bí a ti ń wò ó, omi sì yọ kúrò lára rẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí oòrùn tó tún gbẹ ẹ́. Mo ya mọ́kànlélógún.

Ọjọ́ Kẹrin

Òjò rọ̀ láti òru di ọ̀sán. Nígbà tí ó dá, a lọ wo ibú ọjọ́ kejì, omi ti pupa bí ilẹ̀, ó sì ti gun orí òkúta tí mo dúró lé. Mo ya àwòrán méjì kí n lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ẹrẹ̀ tí ó wà nínú omi ń dá infrared padà kí omi tó rí i gbé mì, dúdú mi sì ti di eérú. Òrùka ìfófó wà níbẹ̀, ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò fi hàn. Mo fi ìyókù ọjọ́ náà nu lẹ́ǹsì.

Ọjọ́ Karùn-ún

Omi ti ń tòrò, kò tíì mọ́ tán. Mo fi odò ńlá sílẹ̀, mo sì tẹ̀ lé ẹsẹ̀ odò kékeré kan wọ abẹ́ igi, níbi tí omi rẹ̀ ti mọ́ gaara. Mo rò pé ibi tí ó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀ yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú kámẹ́rà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà. Ewé kì í dá infrared padà nìkan. Èyí tí kò bá dá padà, ó ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ la inú òun kọjá sí ìsàlẹ̀, nítorí náà abẹ́ igi tí ó ṣú lójú wa mọ́lẹ̀ nínú infrared ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ tí a ṣe fún ojú ènìyàn kò mọ ohun kan nípa èyí, n kò sì tún gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́ ní abẹ́ igi.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ibi gbogbo wá bẹ́ẹ̀ kò ní òjìji, koríko àti ewé ilẹ̀ sì funfun ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Atẹ́gùn tún wà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí ewé kan tí kò mì, gbogbo etí odò sì di èéfín, omi nìkan ni ó sì ní ìrísí. Mo rò ó fún ìgbà pípẹ́ bóyá àbùkù ni èyí tàbí ẹ̀bùn. Nínú àwòrán kan, mo gbà pé ẹ̀bùn ni: odò náà dúdú, ó tẹ́jú, etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ohun gbogbo tí ó yí i ká sì ń léfòó. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yòókù, àbùkù ni. Ohun tí ó ya àwòrán kan yẹn sọ́tọ̀ ni pé mo fi gbòǹgbò igi kan tí kò lè mì sí iwájú, ojú sì rí ohun kan tí ó dúró tí yóò fi mọ̀ pé atẹ́gùn ni ó mú ìyókù rú.

Àwọn ewé gbígbẹ tí omi ń gbé lọ tún yà mí lẹ́nu. Mo rò pé níwọ̀n bí wọ́n ti gbẹ, wọn yóò dúdú. Wọ́n funfun, wọ́n sì fa ìlà tín-ín-rín lórí omi dúdú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ àwòrán, mẹ́fà tàbí méje, tí wọ́n ń tẹ̀ papọ̀ ní ibi tí odò ti yà.

Ní alẹ́, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwòrán 720 máa ń jáde ní pupa roro, nítorí pé pupa ni sẹ́ńsọ̀ ń fi gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlà pupa inú ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sì ni ó máa ń kún kí ìyókù tó kún. Òun ni mo máa ń wò kí n tó mọ̀ bóyá ìfófó ti jóná. Bí mo bá fi koríko tí oòrùn ràn sí lára kọ́ kámẹ́rà ní ohun tí ó ń jẹ́ funfun, pupa náà á rọlẹ̀. Àwọn mìíràn a máa pààrọ̀ pupa àti búlúù fún ara wọn kí sánmà lè padà di búlúù. N kò lòdì sí i fún igi àti sánmà. Fún omi, mo yọ gbogbo àwọ̀ kúrò, nítorí pé ìjà tí mo ń jà láti ọjọ́ kìíní jẹ́ ìjà funfun àti dúdú, àwọ̀ a sì máa fi ìyàtọ̀ tí kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ náà tàn mí.

Ọjọ́ Kẹfà

Ibi tí omi ti ń já bọ́ ni mo padà sí, mo sì dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Omi ti tòrò. Ohun tí mo rò ní òru ni pé kì í ṣe igi ni mo ní láti sá fún. Oòrùn tí ó wà lára igi ni. Sánmà kò ní infrared tí yóò fi tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji, nítorí náà igi tí ó bá wà nínú òjìji òkè ńlá, tí kò ní ewé tí oòrùn ràn sí lókè rẹ̀, kì í funfun bí ti inú oòrùn; ó ń ṣú. Bí oòrùn bá kọ́kọ́ bọ́ sára omi, tí igi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà nínú òjìji, omi nìkan ni yóò funfun.

Mo gbé kámẹ́rà kejì sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú, kí ògiri àpáta tí ó rin lè wà lẹ́yìn omi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gé igi ọ̀tún kúrò nínú àwòrán pátápátá. Mo lo f/11 àti fílítà aláwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ ìdúró náà sì wà lórí àpáta gbígbẹ, nítorí pé ní ọjọ́ kẹta mo ti rí i pé ẹsẹ̀ tí ó bá wà nínú omi tí ń sáré a máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kán omi tí ń fò wá láti ara àpáta ń bà sára fílítà; àbúrò mi di aṣọ gbígbẹ mú, ó ń nù ún lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, oòrùn kan orí omi. Ó sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igi ẹ̀yìn sì dúró nínú òjìji ní àwọ̀ eérú tí ó ṣú. Àwọn fọ́nrán omi yọ síta lójú gíláàsì kámẹ́rà, mo sì lè ka wọn. Ní ọjọ́ kìíní, mo wà níbí ní àsìkò yìí gan-an, mo tẹrí ba, mo ń wá ibi tí lẹ́ǹsì ti mọ́ kedere. Mo ya ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, mo ya ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo tún padà sí ìdajì, nítorí pé omi tí ń já bọ́ yára ju omi tí ń ṣàn lọ, ìdajì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù fún un. Mo gbé ISO sókè sí 200, mo sì lo ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ni ó tọ́.

Òjìji náà dúró fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Lẹ́yìn náà, oòrùn kan ẹ̀ka kan ní òkè lápá òsì, ẹ̀ka náà sì tàn funfun gbòò nínú àwòrán, òun nìkan, lókè ògiri dúdú, pẹ̀lú omi tí ń já bọ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ya mẹ́ta. Kí n tó ya ìkẹrin, ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sára gbogbo igi ẹ̀yìn, mo pe àbúrò mi kí ó wá wo èkejì nínú mẹ́ta náà. Ó wò ó, ó sì fi ìka tẹ̀ lé omi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú gíláàsì. Mo tú fílítà, mo sì ká ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.